Pákó Tó Wà Lókè Orí Màmá

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Aláròyé mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Bí o bá lè di òtútù díẹ̀ sínú àpòòwé kí o fi ránṣẹ́ sí wa, inú wa á dùn, torí oòrùn ọdún yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó o mọ̀. Láti ìgbà tí òjò ti dágbére fún wa, ẹ̀kán kan ò tíì kán mọ́. Kànga ẹ̀yìnkùlé ti di ohun tí èèyàn ń yọjú wò bí ìgbà tí wọ́n ń bẹ aláìsàn wò. Àwọn adìyẹ ìyá rẹ ò jáde mọ́ lọ́sàn-án. Abẹ́ bẹ́ǹṣì iṣẹ́ mi ni wọ́n ń sùn sí, wọ́n á la ẹnu sílẹ̀, wọ́n á máa wò mí bí ẹni pé èmi ni mo tan oòrùn.

Má pè mí lórí fóònù. Mo gbé e sórí páànù ṣọ́ọ̀bù, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti máa ń wọlé, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí mo fi máa rántí, ó ti wú bí búrẹ́dì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà bí àwọn ará àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ ni pé ìyá rẹ ti kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, àǹtí rẹ onídìrí. Ó ní ooru yàrá wa fẹ́ pa òun. Ó ní káfíńtà tó kan àjà sílé gbogbo aládùúgbò, òun ló wá fi ìyàwó tirẹ̀ sábẹ́ páànù lásán bí ẹni ń yan àgbàdo. Mo ní kó fara balẹ̀, pé màá kan àjà náà lọ́jọ́ Sátidé. Ó wò mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ rẹ̀ sínú báàgì.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àjà tó ń sùn sábẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ àǹtí rẹ, ọwọ́ mi yìí náà ló kàn án. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló gba ìyàwó mi lọ́wọ́ mi.

Tẹ́lọ̀ ẹ̀gbẹ́ wa kò tiẹ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀. O mọ̀ ọ́n, òun ló gbé àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá fún àtúnṣe lọ́dún tó kọjá, tó sì ń wá jókòó lórí rẹ̀ lójoojúmọ́ láti fi dúró dè é. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń sọ fún pé ìyàwó Ọ̀gá Sátidé ti sá lọ. Èmi kọ́ ni mo sọ ara mi ní Ọ̀gá Sátidé, àwọn oníbàárà tí kò ní sùúrù ló sọ mí bẹ́ẹ̀.

Bá mi kọ̀wé sí ìyá rẹ. Tìrẹ ló máa ń gbọ́. Sọ fún un pé ilé ò dùn. Má sọ pé èmi ni mo ní kó o sọ ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ń jẹ búrẹ́dì láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kejì

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ooru o. Ẹ kú ìdáwà, ẹ kú búrẹ́dì jíjẹ. Yàrá òtútù níbi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín, láàárín ẹja tó le bí òkúta, èmi náà sì wọ súwẹ́tà mẹ́ta léra bí àlùbọ́sà. Mo rẹ́rìn-ín títí àwọn tá a jọ ń di ẹja sínú páálí fi ń wò mí. Ìgbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ Màmá ni ẹ̀rín tán lẹ́nu mi.

Ẹ má bínú, Bàbá, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Láti bí ọdún mélòó kan lẹ ti ń sọ pé pákó ò tíì gbẹ, ìyẹn ni àjà ò ṣe tíì sí. Ní báyìí tí oòrùn ti gbẹ kànga, tó gbẹ koríko, tó gbẹ fóònù, kí ló tún kù tí pákó ń dúró dè? Ṣé ó fẹ́ kí wọ́n wá fi ìwé pè é ni?

Mo ti kọ̀wé sí Màmá bẹ́ ẹ ṣe wí. N ò sọ pé ẹ̀yin lẹ rán mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n á mọ̀ kí wọ́n tó já àpòòwé. Mo bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an, torí Màmá ti ń sun abẹ́ páànù yẹn kí wọ́n tó bí mi. Ooru nìkan ò lè lé wọn.

Ẹ jẹ nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí búrẹ́dì.

Ọmọ yín, Aláròyé.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ fún mi. Ara mi le. Àǹtí rẹ kí ẹ, ó ní kó o má gbàgbé ìpara irun tó o ṣèlérí fún un, torí oòrùn yìí ti sọ orí àwọn oníbàárà rẹ̀ di koríko gbígbẹ.

Mo mọ̀ pé bàbá rẹ ló ní kó o kọ̀wé. Fún ẹni tó ti bá a gbé tó bí mo ṣe bá a gbé, kò sí ohun tó lè fi pamọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò, kí ojú mi tó là.

Ooru kọ́ ló lé mi. Ta ni ò mooru? O rántí àwọn pákó pupa gígùn tó wà lórí igi òrùlé yàrá wa, lókè orí ibùsùn gan-an? Ọdún tó o lọ ló gbé wọn síbẹ̀. Oníbàárà bẹ̀ ẹ́ títí pé kó tà wọ́n fóun, ó kọ̀. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé kí ni wọ́n wà fún. Ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ti ẹnì kan nínú ilé yìí ni. Ọjọ́ rẹ̀ ń bọ̀." Èèyàn mélòó ló wà nínú ilé yìí? Èmi àti òun la kù. Mi ò sì rò pé ara rẹ̀ ló ń sọ.

Mo gbé e mì. Mo ní bóyá àgbà ló ti ń dé sí i. Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ooru mú, tí mo nà gbalaja sórí ibùsùn, mo di ojú ṣùgbọ́n n ò sùn. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń rìn jẹ́jẹ́. Mo la ojú díẹ̀ báyìí. Ọmọ mi, bàbá rẹ ló na téépù láti àtàrí mi dé àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Nígbà tó ṣe tán, ó fi wọn ìbú èjìká mi. Ó yọ pẹ́ńsù létí, ó kọ ọ́ sára ògiri, ó mi orí bí ẹni tí ọjà wù, ó ní, "Á gbà á dáadáa."

Èmi tí mo ṣì ń fa omi nínú kànga, tí n ò tíì fi ọ̀pá rìn, wọ́n ti wọn mí láàyè. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ irú ẹ̀ síta? Mo kúkú ní ooru ni, mo di báàgì mi. Àǹtí rẹ nìkan ni mo sọ fún. Ó ti ní òun ò ní jẹ́ kó gba ẹnu ọ̀nà òun wọlé.

Mi ò bá a jà. Tó o bá ń kọ̀wé sí i, sọ fún un pé pósí rẹ̀ dára lóòótọ́, pákó gidi ni, ṣùgbọ́n mi ò tíì ṣe tán.

Ìyá rẹ.


Ogúnjọ́, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. N ò ní kí yín jù báyẹn lọ.

Kí lẹ wọn Màmá fún?

Lẹ́tà wọn wà lápò mi láti àná, mo ń kà á léraléra. Wọ́n ní ẹ na téépù lé wọn lórí níbi tí wọ́n sùn sí, ẹ sì sọ pé nǹkan kan á gbà wọ́n dáadáa. Wọ́n ní pákó pósí wọn ló wà lókè orí wọn láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Mo jìnnà, n ò lè sáré wálé wá wo ojú yín.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ ò fèsì. Mo ń lọ wo àpótí lẹ́tà láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo tún ń lọ wò ó tí mo bá dé. Ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n pe ọlọ́pàá. Mo ní kò mọ bàbá mi, pé ẹni tó bá ń dúró de pósí lọ́wọ́ Ọ̀gá Sátidé, ẹ̀mí rẹ̀ á gùn. Mo rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Ilé kan ṣoṣo ni mo ní tí mo lè rántí níbí tí inú mi á dùn. Tẹ́ ẹ bá tú u ká, ibo ni mo fẹ́ máa rò?

Ẹ kọ̀wé.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹrin

Aláròyé,

Lẹ́tà rẹ méjèèjì dé pọ̀. Mo ka ti àkọ́kọ́, mo jókòó. Àga tẹ́lọ̀ ni mo jókòó lé, mo sì gbàgbé pé ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní. Ilẹ̀ ni mo ti ka ìkejì.

Pósí? Èmi? Fún ìyá rẹ?

Bẹ́ẹ̀dì rẹ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀dì rẹ ni. Ọdún tó o lọ, o ní ọdún tó ń bọ̀ ni wàá wálé. Bẹ́ẹ̀dì tó o fi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ọmọdé ni, ẹsẹ̀ rẹ á yọ síta. Mo wá pákó gidi, mo rí i, ṣùgbọ́n ó tutù. Irú pákó yẹn, wọn kì í sá a sójú oòrùn gbangba, á là, á sì lọ́. Abẹ́ páànù lókè ni wọ́n ń gbé e sí, kí ooru máa wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí mo bá kan àjà sábẹ́ rẹ̀, a ò ní lè máa gbé e sọ̀ kalẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, a ò sì ní lè máa yí i padà. Ìyẹn ni àjà ò ṣe sí. Ẹ̀yin ní ọ̀lẹ ni mí.

Lọ́dọọdún mo ń gun òkè lọ fi ìka kan án. Ohùn rẹ̀ ló ń sọ bóyá ó ti gbẹ. Lọ́dọọdún ni pákó ń sọ pé kò tíì yá. Lọ́dọọdún ni ìwọ náà ń kọ̀wé pé kò tíì yá. Mo ní ẹ̀yin méjèèjì ń dúró de ara yín ni. Ooru ọdún yìí ló wá parí ẹ̀. Mo kàn án, ó dún kooro. Inú mi dùn débi pé n ò lè dúró. Mo fẹ́ wọn ẹ, o ò sí nílé. Ta ló ga tó ẹ? Ta ni gbogbo èèyàn ń sọ pé èjìká yín jọra? Ìyá rẹ sì wà níbẹ̀ tó nà gbalaja. Mo rò pé ó ń sùn, mi ò fẹ́ jí i. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀?

O máa bi mí pé kí ló dé tí n ò sọ fún un. Ọdún tó o kọ́kọ́ ní ò ń bọ̀, ó gbọ́nlẹ̀, ó fọ gbogbo aṣọ ìtẹ́bùsùn, gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ló ń sáré jáde. O ò wá. Ó ká aṣọ náà, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mi ò fẹ́ rí i bẹ́ẹ̀ mọ́. Tí mo bá dárúkọ bẹ́ẹ̀dì, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo kúkú ní kí n máa dá a rò. Ó ń dun èmi náà, àmọ́ èmi ní igi tí mo lè fági.

Mo ti lọ síbẹ̀ láti ṣàlàyé. Àǹtí rẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú òòyà lọ́wọ́, ó ní ṣé mo mú téépù dání. Téépù sì wà ní ìbàdí mi, torí kò sígbà tí kì í sí níbẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú. Ilẹ̀kùn tí mo ṣe ni o, kò sì dún rárá, torí mo ṣe é dáadáa.

Kí ni kí n ṣe?

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ìfaradà. Mo sunkún lórí páálí ẹja, ọ̀gá mi rò pé òtútù ni, ó sì ní kí n lọ jókòó síta. Ẹ má bínú sí mi. Ẹ má bínú sí ọdún gbogbo.

Ẹ gbọ́ o. Màmá ò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu yín gbọ́. Gbogbo àdúgbò ni kò gbà á gbọ́, ẹ̀yin náà mọ ìdí ẹ̀. Ẹ má lọ ṣàlàyé mọ́. Ẹ kó pákó yẹn, ayùn, ìfági àti ìṣó, kẹ́ ẹ lọ kan bẹ́ẹ̀dì náà níwájú ilé Àǹtí, lójú Màmá. Ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ má dúró de Sátidé.

Nípa wíwálé mi, mo ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Wọn ò tíì fèsì. N ò ní ṣèlérí, torí ìlérí mi náà ti ń rí bíi tiyín.

Ọmọ yín, tó jọ yín ju bó ṣe rò lọ.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù karùn-ún

Aláròyé mi ọ̀wọ́n,

Kú iṣẹ́, kú òtútù. Ọjọ́bọ̀ ni mo lọ. Kọ ọ́ síbi kan, torí àwọn èèyàn á fẹ́ jiyàn.

Mo kó pákó sórí ọmọlanke, mo tì í gba títì lọ́sàn-án gangan. Oòrùn mú débi pé ajá tó fẹ́ gbó mi wo bí ọ̀nà ṣe jìn tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì jókòó padà. Tẹ́lọ̀ gbé àga rẹ̀ sórí, ó tẹ̀ lé mi, ó ní irú èyí kì í ṣojú òun kó máà ṣojú ìjókòó òun. Nígbà tá a dé iwájú ilé àǹtí rẹ, n ò kí ẹnikẹ́ni. Mo tò wọ́n sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fági.

Àwọn obìnrin tó ń dirí jáde síta, òmíràn nínú wọn dì í dé àárín orí péré. Àǹtí rẹ pariwo pé ẹ wá wò ó, ó ti gbé pósí wá bá a dé ibí. Ìyá rẹ wà lẹ́yìn wíńdò. Mo rí kọ́tìnì tó ń mì. Mo so pákó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀, ìwọ náà mọ̀ pé bí bẹ́ẹ̀dì ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n mo gbà, ohun mìíràn náà máa ń bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Ẹnì kan nínú àwọn onírun bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà.

Mo wá kan ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Mo kan ìkejì. Mo gbọ́ tí ìyá rẹ sọ láti inú ilé pé, "Ẹsẹ̀ kẹ̀?" N ò wòkè. Mo kan ìkẹta, mo mu omi, mo nu ojú. Tẹ́lọ̀ ní, "Ọ̀gá, tó bá jẹ́ pé ibí yìí lẹ fẹ́ dá a dúró sí bíi tèmi, ẹ sọ fún wa." Mo kan ìkẹrin. Ilẹ̀kùn ṣí, kò dún. Ìyá rẹ jáde wá, ó rìn yí bẹ́ẹ̀dì náà ká, ó tọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Pósí kì í lẹ́sẹ̀." Mo ní kì í ní. Ó ní, "Ta ló ni í?" Mo ní, "Ọmọ rẹ ni." Ó jókòó sórí rẹ̀, ó fi ìborùn bojú. Ohun tó wá sọ ni pé, "O ò bá ti sọ fún mi, ká jọ máa retí ẹ̀."

A gbé e sórí ọmọlanke, a gbé báàgì rẹ̀ lé e, a sì ń lọ sílé. Òun di agboorùn mú lẹ́yìn, ó sì ń tọ́ mi sọ́nà bí ẹni pé n ò mọ̀nà ilé mi.

Ibi tí nǹkan kékeré kan ti ṣẹlẹ̀ nìyí. Bẹ́ẹ̀dì ò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. A dà á dúró, a dà á bolẹ̀, a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbé e, kò gbà. Mo ní ilẹ̀kùn ló wú. Tẹ́lọ̀ ní igi kì í wú lásìkò oòrùn, ó ń súnkì ni. Mo ní kó lọ rán aṣọ. Mo ti wọn èjìká ìyá rẹ, mo ti wọn gíga rẹ̀, ilẹ̀kùn ni mo gbàgbé láti wọ̀n.

Bẹ́ẹ̀dì rẹ wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé. Ìyá rẹ tẹ́ aṣọ sí i, ó ń sùn níbẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, àwọn adìyẹ wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ àjà mọ́, pé kí n fi ara mi balẹ̀. Èmi nìkan ni mo ń yan nínú yàrá. Mo bi í pé ṣé ó lè sún díẹ̀ fún mi. Ó ní kí n lọ wọn ara mi.

Ṣùgbọ́n àwọsánmà ti ń dúdú láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Òjò ò ní pẹ́ dé, bẹ́ẹ̀dì tí mo gbẹ fún ọ láti ọdún yìí wá ò gbọdọ̀ tutù. Mo máa fẹ ẹnu ọ̀nà náà lójú. Mo ti sọ ọjọ́ tí mo máa ṣe é, ìyá rẹ sì ti ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní kí n kọ eléyìí: tó o bá fẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ, wá lé òun kúrò lórí rẹ̀ fúnra rẹ.

Bàbá rẹ, tó ti ń jẹ oúnjẹ gbígbóná.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi, Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìrọ́jú. Wọ́n ti fún mi láyè. Mo ti ra ìwé ọkọ̀, ó wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ eléyìí. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹfà ni mo máa dé. Ìpara irun Àǹtí ti wà nínú àpótí.

Màmá, n ò ní lé yín. Ẹ kàn sún sápá kan. Èjìká wa bára mu, á gbà wá.

Bàbá, ẹ fẹ ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ Ẹtì ni mo wí o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ di Sátidé.

Ọmọ yín.